Akúdàáyà inú dátábéèsì wa

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni Alhaji, oníbàárà wa kan, pè mí. Mo jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, mò ń bó ẹ̀gúsí, ni fóònù bá dún. Bàbá yìí kì í pe èèyàn lọ́jọ́ ìsinmi, torí náà àyà mi ti já kí n tó gbé e.

"Ṣebí ìwọ lo sọ fún mi pé ẹ ti pa orúkọ àwọn awakọ̀ mi yẹn rẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí a ti pa á rẹ́."

"Ó dáa. Wá gbọ́ ohun tí mò ń wò lórí fóònù mi. Orúkọ olóògbé ló wà níbẹ̀ yẹn, wọ́n sì kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé ó wà lẹ́nu iṣẹ́. Àwa la sin ọkùnrin yẹn. Èmi gan-an dúró létí sàréè."

Mi ò mọ ohun tí mo lè fi dá wọn lóhùn. Mo ní kí wọ́n má bínú, mo ní kí wọ́n fún mi ní wákàtí kan, mo sì gbé igbá ẹ̀gúsí tì. Nígbà tí mo ṣí kọ̀ǹpútà, òótọ́ ni Alhaji sọ. Awakọ̀ mọ́kànlá tí a ti pa orúkọ wọn rẹ́ ló tún tò síbẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù àti nọ́ńbà láísẹ́ǹsì wọn, bí ẹni pé ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn wọ́n rí. Mẹ́wàá nínú wọn ti fi iṣẹ́ Alhaji sílẹ̀. Ìkọkànlá ti kú.

Àwọn àgbà ní orúkọ fún irú èyí. Ẹni tó kú nílùú kan, tí wọ́n sin ín, tí ará ilé rẹ̀ kan wá bá a pàdé nílùú mìíràn tó ń tajà lọ́jà, akúdàáyà ni wọ́n ń pè é. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti fẹ́ kọ ohun tí mo mọ̀ nípa Cassandra, dátábéèsì tí a ń lò níbi iṣẹ́, torí pé bó ṣe ń pa nǹkan mọ́ ni gbogbo èèyàn fi ń yìn ín. Ó mọ nǹkan pa mọ́ lóòótọ́. Gbígbàgbé ló ṣòro fún un, ọ̀pọ̀ nínú wa kì í sì í béèrè nípa ìyẹn kí a tó gbé e wọlé.

Ilé-iṣẹ́ tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà máa ń bá àwọn tó ní tírélà àti táńkà ṣọ́ ọkọ̀ wọn. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan tó ń sọ ibi tí ọkọ̀ wà, bó ṣe ń sáré tó, àti bóyá wọ́n ti pa ẹ́ńjìnnì. Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 30 sí ara wọn ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ọkọ̀ kan á sọ̀rọ̀ nígbà 2,880 lóòjọ́. Nígbà tí ọkọ̀ wa pé 1,200, ìlà 3,456,000 ló ń wọlé lójúmọ́. Kò mọ ọjọ́ Iléyá, kò mọ ọjọ́ Kérésìmesì.

PostgreSQL, dátábéèsì mìíràn, la fi bẹ̀rẹ̀, lórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo. Mi ò ní sọ ọ̀rọ̀ PostgreSQL láìdáa, mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì máa padà sórí rẹ̀ kí n tó dákẹ́. Ìṣòro wa ni pé orí kan ló ń ru gbogbo ẹrù. A ra mẹ́mórì kún un, a ra díìsìkì tó yára, owó dọ́là la sì fi ń rà á. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó tún ti kún. A ní ẹ̀dà rẹ̀ kan tó ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ṣùgbọ́n tí ti iwájú bá kú lóru, èèyàn gbọ́dọ̀ jí láti fi ti ẹ̀yìn jẹ oyè. Èmi ni èèyàn yẹn. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ń sùn pẹ̀lú fóònù lábẹ́ ìrọ̀rí.

Cassandra ò ní olórí. Kọ̀ǹpútà mẹ́fà la kó jọ, kò sì sí èyí tó jẹ́ ọ̀gá ìkejì rẹ̀. Tí ìròyìn bá dé láti ọ̀dọ̀ ọkọ̀ kan, wọ́n á fi nọ́ńbà ọkọ̀ náà àti ọjọ́ tó wọlé ṣe ìṣirò kan tí wọ́n ń pè ní Murmur3. Nọ́ńbà gbọọrọ kan ló máa jáde níbẹ̀, nọ́ńbà yẹn ló sì máa sọ ojúlé tí ìròyìn náà á máa gbé. Ẹ̀dà mẹ́ta-mẹ́ta la ní kí ó ṣe, torí náà kọ̀ǹpútà mẹ́ta ló ń gba ohun kan náà sọ́wọ́. Ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan ni àwọn kọ̀ǹpútà yìí ń bá ara wọn ṣòfófó nípa ẹni tó wà láàyè àti ẹni tó ti dákẹ́. Òfófó gan-an ni àwọn tó dá a sílẹ̀ pè é lédè tiwọn. Kì í ṣe èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ.

Nígbà tí a bá fẹ́ kọ nǹkan sílẹ̀ tàbí kà á, àwa la máa sọ iye ẹlẹ́rìí tó gbọ́dọ̀ dáhùn: ẹyọ kan, méjì nínú mẹ́ta, tàbí gbogbo wọn. Méjì nínú mẹ́ta la mú fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́ wa. Tí méjì bá gbọ́ nígbà tí a ń kọ ọ́, tí méjì sì dáhùn nígbà tí a ń kà á, ó kéré tán ẹnì kan nínú àwọn tó dáhùn á ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tuntun. Ọgbọ́n yìí wù mí títí dòní. Èèyàn ò nílò kí gbogbo ilé pé kí ó tó rí òótọ́ gbọ́.

Ọgbọ́n náà pẹ́ díẹ̀. Google kọ̀wé nípa Bigtable, dátábéèsì tiwọn, ní 2006, Amazon kọ ti Dynamo, tiwọn náà, ní 2007. Avinash Lakshman wà lára àwọn tó kọ ìwé Dynamo. Nígbà tó dé Facebook, òun àti Prashant Malik ló kọ Cassandra, kí àwọn èèyàn lè máa wá ọ̀rọ̀ nínú àpótí lẹ́tà wọn. Facebook tú u sílẹ̀ fún gbogbo ayé ní 2008. Nínú ìwé Dynamo, wọ́n sọ̀rọ̀ nípa agbọ̀n ọjà: ohun tí oníbàárà bá sọ sínú agbọ̀n kò ní sọ nù, ṣùgbọ́n ohun tó ti mú kúrò níbẹ̀ lè tún yọjú. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kedere. Mo ka ibẹ̀ nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́, mo sì kọjá lọ, torí bàtà àti ìwé ló wá sí mi lọ́kàn. Èèyàn tí wọ́n ti wẹ̀, tí wọ́n ti dì, tí wọ́n ti sin, kò wá sí mi lọ́kàn rárá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa òru tí mo fẹ́ràn Cassandra jù, torí òru yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ Alhaji ti bẹ̀rẹ̀.

Mọ́jú ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni. Wọ́n mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ gbé e, iná tún dé lójijì pẹ̀lú agbára tó pọ̀ jù, power supply kọ̀ǹpútà kẹta sì jó. Mi ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Mo sùn fọnfọn. Nígbà tí mo dé ibi iṣẹ́ láago mẹ́jọ, mo tẹ nodetool status, àṣẹ tó ń fi ipò kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan hàn, bí mo ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ láràárọ̀. Ìlà márùn-ún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú UN, ìyẹn ni pé ara wọn dá. Ìlà kan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DN, ìyẹn ni pé ó ti dákẹ́. Mo tún un tẹ̀. DN. Àbúrò tó ń tọ́jú yàrá kọ̀ǹpútà lọ wò ó, nígbà tó sì fi máa padà dé, òórùn wáyà tó jóná ti wà lára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Mo jókòó, mo ka àwọn ìlà tó wọlé láti aago méjì òru sí aago méje. Mo mú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, mo wo ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Táńkà tó gba Ọ̀rẹ̀ kọjá lọ sí Benin wà níbẹ̀ láìfò. Tírélà tó dúró ní Lọ́kọ́ja fún ogójì ìṣẹ́jú wà níbẹ̀. Kò sí oníbàárà tó pè. Kọ̀ǹpútà odindi kan ti jóná láàárín òru, ìlà kan ṣoṣo ò sì sọ nù. Mo yọ fóònù kúrò lábẹ́ ìrọ̀rí láti ọjọ́ náà. Ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ yìí rí lè má mọ bí ìyẹn ṣe tó lára.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ tẹjú mọ́ nìyí. Torí pé kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n lára pé kọ̀ǹpútà kẹta ò sí nílé, kò sẹ́ni tó kánjú. A wá power supply rẹ̀ ní Computer Village, irú rẹ̀ ò sí. A rí òmíràn, ihò rẹ̀ ò bára mu. A ní kí wọ́n bá wa fi ọkọ̀ òfuurufú gbé e wá. Ọjọ́ ń lọ, iṣẹ́ ń lọ, UN márùn-ún ń tàn. Bó bá jẹ́ PostgreSQL ayé àtijọ́ ni, ọ̀gá wa ì bá ti dúró lé wa lórí títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọjọ́ 16 ni kọ̀ǹpútà yẹn lò níta.

Ọjọ́ kejì tó ti kúrò ni lẹ́tà Alhaji dé. Wọ́n ní awakọ̀ mẹ́wàá ti lọ, ọ̀kan ti ṣaláìsí, wọn ò sì fẹ́ kí orúkọ wọn àti nọ́ńbà wọn wà lọ́dọ̀ wa mọ́. Ẹ̀tọ́ wọn ni. Òfin ààbò dátà tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 sọ ọ́ pé èèyàn lè béèrè kí a pa ohun tó jẹ mọ́ òun rẹ́. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi tẹ àṣẹ náà. Mo béèrè lẹ́yìn rẹ̀, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo kọ̀wé sí Alhaji pé ó ti parí.

Ẹ gbọ́dọ̀ mọ bí Cassandra ṣe ń kọ nǹkan kí ẹ tó lè rí ibi tí mo ti ṣìnà. Ohun tó bá ti kọ sórí díìsìkì, kì í padà lọ fọwọ́ kàn án. Tí àtúnṣe bá dé, ojú ìwé tuntun ló ń kọ ọ́ sí pẹ̀lú àkókò tó dé. Tí ẹnì kan bá wá béèrè, á kó àwọn ojú ìwé jọ, á mú èyí tí àkókò rẹ̀ kẹ́yìn. Ohun tó mú kó yára nìyẹn tó bá di ká kọ nǹkan sílẹ̀. Àmọ́ báwo lèèyàn ṣe ń pa ọ̀rọ̀ rẹ́ nínú ìwé tí a kì í fọwọ́ kàn mọ́? Ó máa kọ ọ̀rọ̀ mìíràn síwájú, pé: eléyìí ti kú. Òkúta ibojì ni wọ́n ń pe àmì yẹn. Òkú ṣì wà nínú yàrá. Òkúta yẹn ló dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń dá àlejò padà.

Ọjọ́ 10 ni òkúta náà máa ń lò bí a kò bá yí i padà. Ìṣẹ́jú-àáyá 864,000 ni wọ́n kọ ọ́ sínú ètò. Ìdí tí wọ́n fi fún un ní ọjọ́ 10 ni pé kí gbogbo kọ̀ǹpútà tó ní ẹ̀dà lè gbọ́ ìròyìn ikú náà kó tó di pé wọ́n kó òkú àti òkúta dànù. Tí kọ̀ǹpútà kan bá jáde díẹ̀, àwọn aládùúgbò á máa bá a kó ọ̀rọ̀ tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ pa mọ́, wọ́n á sì rò ó fún un tó bá dé. Wákàtí mẹ́ta péré ni wọ́n ń fi ṣe ìyẹn. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ọwọ́ èèyàn ló kù sí láti pe gbogbo wọn jọ kí wọ́n fi ìwé wéra, ìyẹn ni repair.

Kọ̀ǹpútà kẹta wà níta nígbà tí a pa orúkọ mọ́kànlá náà rẹ́. Kò gbọ́. Nọ́ńbà Alhaji la fi pín tábìlì àwọn awakọ̀, torí náà ojúlé kan náà ni gbogbo wọn ń gbé, kọ̀ǹpútà kẹta sì wà lára àwọn mẹ́ta tó ni ojúlé yẹn. Ọjọ́ 10 pé. Àwọn méjì tó wà nílé kó òkú àti òkúta dànù, bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe. Lọ́jọ́ kẹrìndínlógún tó ti wà níta, power supply dé, a tan kọ̀ǹpútà kẹta, UN di mẹ́fà, a sì pàtẹ́wọ́. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo ṣe repair kí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Wọ́n fi ìwé wéra lóòótọ́. Ẹni tó ti ìrìn àjò dé ní awakọ̀ mọ́kànlá lọ́wọ́, àwọn tó wà nílé ò ní nǹkan kan. Òkúta tí ì bá sọ fún wọn pé àwọn wọ̀nyí ti lọ kò sí níbẹ̀ mọ́. Lójú tiwọn, àwọn ni wọ́n pàdánù nǹkan. Wọ́n gba mọ́kọ̀ọ̀kànlá lọ́wọ́ rẹ̀ tayọ̀tayọ̀, wọ́n sì tọ́jú wọn. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, Alhaji ṣí fóònù wọn.

Kò sí ohun tó bàjẹ́ nínú Cassandra lọ́jọ́ yẹn. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ pé kó ṣe ló ṣe: ó kọ̀ kí ohunkóhun sọ nù. Èmi ni mo mọ̀ pé ọjọ́ 10 wà nínú ètò, mo sì jẹ́ kí kọ̀ǹpútà tó ti lo ọjọ́ 16 níta wọlé pẹ̀lú ẹrù àtijọ́ lórí. Ohun tó tọ́ ni pé kí a nu díìsìkì rẹ̀ mọ́, kó wọlé bí ọmọ tuntun, kó gba ẹ̀dà lọ́wọ́ àwọn tó wà nílé. Ohun tí mo ṣe nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú náà nìyẹn. Mo pa á, mo nù ún, mo pa orúkọ mọ́kànlá náà rẹ́ lẹ́ẹ̀kejì nígbà tí gbogbo kọ̀ǹpútà wà nílé, mo ṣe repair, mo wá ní kí ẹlẹ́rìí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáhùn, kì í ṣe méjì. Ìdáhùn tó jáde ni (0 rows), ìyẹn ni pé kò sí ìlà kankan. Ó ti di aago mọ́kànlá òru. Mo pe Alhaji, wọn ò tíì sùn. Mo ṣàlàyé fún wọn bó ṣe rí, mi ò fi nǹkan kan pa mọ́. Wọ́n gbọ́ mi títí mo fi parí, wọ́n ní kí Ọlọ́run forí jin ọkùnrin náà. Mo ní àmín.

Àwa nìkan kọ́ ni òkúta ibojì ti dà láàmú. Discord tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń sọ̀rọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ ní 2017 pé yàrá ìjíròrò kan wà lọ́dọ̀ àwọn tí ọ̀rọ̀ ẹyọ kan ṣoṣo kù sínú rẹ̀, torí pé ẹni tó ni ín ti pa ọ̀rọ̀ bíi mílíọ̀nù mélòó kan rẹ́. Tí ẹnikẹ́ni bá ṣí yàrá yẹn, Cassandra gbọ́dọ̀ rìn láàárín gbogbo ibojì náà kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹyọ kan tó ṣẹ́kù, kọ̀ǹpútà á sì dúró gbagidi fún ìṣẹ́jú-àáyá 10. Torí pé alaalẹ́ ni wọ́n ń ṣe repair, wọ́n dín ọjọ́ 10 kù sí ọjọ́ 2. Kọ̀ǹpútà 12 ni wọ́n ní nígbà yẹn. Ó di 177 ní 2022, wọ́n sì kó ọ̀rọ̀ wọn lọ sí ScyllaDB, tó jọ Cassandra ṣùgbọ́n tí wọ́n fi èdè kọ̀ǹpútà C++ kọ, kọ̀ǹpútà 72 sì gba gbogbo rẹ̀. Cassandra fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ibojì lè pọ̀ jù: tó bá kọjá 1,000 nínú ìbéèrè kan, á kìlọ̀, tó bá dé 100,000, á kọ̀ láti dáhùn.

Ó mọ irú ìgbàgbé kan ṣá o, òdodo ni kí n sọ. Tí a bá ti sọ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ohun kan ò ní lò ju ọjọ́ 90 lọ, bí a ṣe ṣe fún ìròyìn ọkọ̀, á tò wọ́n sínú fáìlì ní ọjọ́-ọjọ́, á sì ju odindi fáìlì dànù tí ọjọ́ rẹ̀ bá pé. Kò sí wàhálà. Ìgbàgbé tó tẹ̀ lé àkókò rọrùn fún un. Ìgbàgbé tó tẹ̀ lé orúkọ, pé kí ó yọ ẹni yìí kúrò láàárín àwọn tó kù, ìyẹn ló nira.

Ìbéèrè náà tún wà. Lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan fẹ́ mọ ọkọ̀ rẹ̀ tó dúró ní Ògèrè láàárín aago 12 òru sí aago 4, torí wọ́n ń fa dísù nínú táńkà níbẹ̀. Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání ni. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ọkọ̀ àti ọjọ́ la fi kọ́ tábìlì wa, kò sì sí ẹni tó lè wọ inú rẹ̀ láìmú méjèèjì dání. Láti fi orúkọ ibi béèrè, àfi kí ó ka ojúlé gbogbo ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Cassandra kọ̀ fún wa. Ọ̀kan nínú wa fi ALLOW FILTERING kún un, ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí pé mo mọ̀ pé ó wúwo, ṣe é bẹ́ẹ̀. Níbi ìdánwò tí dátà ò ti pọ̀, ó yára. Nígbà tó dé orí dátà gidi, ìbéèrè náà ò parí, ó sì fa gbogbo oníbàárà yòókù sẹ́yìn.

Ohun tí a ṣe ni pé a kọ́ tábìlì kejì, tí àdúgbò àti wákàtí jẹ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà, ìròyìn kan ṣoṣo, ibi méjì là ń kọ ọ́ sí. Nígbà tó yá, ó di mẹ́ta. Ní PostgreSQL, èèyàn á kàn kọ ìbéèrè tuntun ni. Níbí, ìbéèrè ló ń bí tábìlì, ẹni tí kò bá sì tíì mọ ohun tí oníbàárà rẹ̀ máa béèrè lọ́dún tó ń bọ̀ á kọ́lé, á wó o, á tún un kọ́. Cassandra 5.0 tó jáde ní 2024 mú atọ́ka tuntun wá tó sọ díẹ̀ nínú ìyà yìí di fúyẹ́, àmọ́ kò mú un kúrò.

Ọ̀rọ̀ aago kò gùn. Ẹni tí àkókò rẹ̀ bá kẹ́yìn ni Cassandra ń gbà gbọ́, torí náà aago tó bá parọ́, dátà parọ́. Aago ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà tó ń gbé app wa fi ìṣẹ́jú mẹ́rin sáré. Wọ́n gba ibẹ̀ kọ nọ́ńbà fóònù awakọ̀ kan láago 10:02, ó sì kọ 10:06 sí i. Láago 10:05, wọ́n rí i pé wọ́n ṣì í kọ, wọ́n gba kọ̀ǹpútà mìíràn tún un ṣe. Èyí tí wọ́n ṣì kọ ló borí, láìsí ìkìlọ̀, láìsí àṣìṣe kankan lójú ìwé.

Owó sì rèé, a ò tilẹ̀ fi ọdún kan gbé e síbẹ̀. Àwọn tó ni ọkọ̀ máa ń fi owó dísù pa mọ́ sọ́dọ̀ wa. Kí a wo iye tó kù, kí a yọ díẹ̀, kí a kọ èyí tó ṣẹ́kù: tí awakọ̀ méjì bá ra dísù láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan náà, ọ̀kan á pa èkejì rẹ́. Ọ̀nà wà tí Cassandra ń gbà dènà rẹ̀, kí àwọn kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ ṣèpàdé kí wọ́n tó kọ ọ́, ṣùgbọ́n ìpàdé yẹn ń gba àkókò, inú ojúlé kan náà ló sì mọ sí. Mo dá owó padà sí PostgreSQL, ọkàn mi sì balẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Alhaji, mo dá orúkọ èèyàn náà padà síbẹ̀. Orúkọ, nọ́ńbà fóònù, láísẹ́ǹsì, gbogbo ohun tí ẹnì kan lè sọ lọ́la pé kí a pa rẹ́, PostgreSQL ló ń gbé wọn báyìí, lórí kọ̀ǹpútà kan tó ní ẹ̀dà kan. Èèyàn 3,000 ò tó ẹrù tó máa wọ kọ̀ǹpútà kan lọ́rùn. Cassandra ń bá ìròyìn ọkọ̀ lọ, mílíọ̀nù lé mílíọ̀nù, nọ́ńbà nìkan ló wà nínú rẹ̀, mi ò sì ní gbé iṣẹ́ yẹn fún òmíràn. Àbúrò tó ń tọ́jú yàrá kọ̀ǹpútà bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé a ò ní kó gbogbo ẹ̀ padà ni?" Mo ní rárá. Mo ní kó rántí òru tí power supply jó.

Òun ló lẹ bébà kan mọ́ ilẹ̀kùn yàrá náà. Ó fa ìlà sí i: kọ̀ǹpútà wo ló jáde, ọjọ́ wo ló jáde, ọjọ́ wo ni ọjọ́ 10 rẹ̀ á pé. Bíró pupa ló fi ń kọ ìkẹta. Kọ̀ǹpútà kẹrin jáde lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá torí fáànù rẹ̀. Ọjọ́ Ajé ló wọlé, a sì ṣe repair lálẹ́ ọjọ́ náà.